Káàdì Opó

Ó tún nu káàdì náà mọ́ ara ṣòkòtò rẹ̀, ó tún tì í sínú ẹ̀rọ. Iná pupa ló tún tàn. Ẹ̀rọ náà ké bí adìẹ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn sì gbọ́.

"Bàbá Ẹnu-ọ̀nà, kí ló dé? Ẹran ń tán nínú ilé o!" Obìnrin kan ló pariwo láti ẹ̀yìn.

"Bí ẹran bá tán, egungun á kù. Ẹ fara balẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló dúró níwájú rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ òfìfo lọ́wọ́, tó ń wo iná pupa náà bí ẹni pé òun ló gbé e wá láti ilé.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bárékè ni iṣẹ́ bàbá, ibẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń pè é ti wá. Ó ṣe ṣójà fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fún un ní àga kan níbẹ̀ pé kó máa yẹ káàdì wò. Ṣójà àti ìdílé ṣójà nìkan ló ń wọlé. Ohun tó wà nínú ilé náà pọ́ọ́kú ju ti ìta lọ, ojúlówó sì ni: mílíìkì, ọṣẹ, ẹran, bàtà ọmọléèwé, àti ilé oògùn kékeré kan lápá òsì. Ẹni tí kò ní káàdì, ojú fèrèsé ni yóò ti máa wò ó.

Ọdún mọ́kànlá ni ojú bàbá fi jẹ́ ẹ̀rọ ibẹ̀. Ó mọ òfin náà bí ẹni mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí a kò bá rí ṣójà kan fún ọdún kan gbáko, káàdì ìdílé rẹ̀ ti kú nìyẹn, àfi bí ìyàwó rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ bá fọwọ́ sí i pé ẹni náà ti kú. Nígbà náà ni wọ́n á fún ìyàwó ní káàdì opó.

Ọdún kan ti pé lórí ọmọ bàbá láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Ọkọ̀ ṣójà kan ló já sódò pẹ̀lú afárá. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́wàá ni wọ́n rí gbé jáde. Ìwé tó wá sílé kò ju ìlà mẹ́ta lọ: a wá a, a kò rí i, a ṣì ń wá a.

Oṣù márùn-ún náà ni bàbá fi ń gba káàdì tó ti kú, tó ń yí i síwá sẹ́yìn, tó ń ní, "Wọlé, ìyàwó." Òun tí kò jí abẹ́rẹ́ ìjọba rí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Ajé yìí ni wọ́n gbé ẹ̀rọ dé. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàwó ẹnì kankan.

"Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," ó sọ fún un.

"Bàbá, oògùn ọmọ nìkan ni mo fẹ́ rà."

"Mo mọ̀. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àwọn ènìyàn rí ọ̀nà kọjá."

Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dúró díẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, lẹ́yìn náà ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ìbàdí, ó lọ. Bàbá gba káàdì ẹni tó kàn. Iná tútù tàn.

*

Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́, bàbá tiro lọ bá ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. Sájẹ́ǹtì ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti ọmọ bàbá lọ. Ó dìde fún un.

"Ẹ jókòó, Bàbá."

"Mi ò jókòó. Ọmọbìnrin ọmọ mi, ikọ́ fée ń bá a jà. Oògùn rẹ̀ fẹ́ tán."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Jẹ́ kí n fi káàdì tèmi rà á."

"Orúkọ yín nìkan ló wà lórí tiyín. Ilé oògùn á béèrè orúkọ aláìsàn." Sájẹ́ǹtì náà fi ọwọ́ nu ojú. "Bàbá, oṣù márùn-ún ni mo fi ń rí ohun tí ẹ̀ ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Mo rí i, mo gbójú kúrò. Ẹ̀rọ yìí, orílé-iṣẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Kì í bá mi sọ̀rọ̀."

"Ó dáa."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí ìwé yẹn."

"Mo ní ó dáa."

Ó jáde. Kò bínú sí i. Sájẹ́ǹtì náà kò purọ́.

*

Ilé ìyàwó wà ní ìlà kẹta ilé àwọn ṣójà tó ti gbéyàwó: yàrá méjì, ilé ìdáná tí ènìyàn lè yí ara nínú rẹ̀, ọgbà kékeré tí aṣọ ń gbẹ lórí okùn níbẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún náà jókòó sórí ibùsùn, ó fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí mẹ́ta. Bàbá a máa pè é ní Ìyá mi, torí ojú ìyá tó bí bàbá ló gbé wá sáyé.

"Bàbá àgbà, ẹ wáá wò ó. Ó ku méjìdínlógún."

Ike kékeré kan ni oògùn náà, tí wọ́n ń tẹ̀ sí i lẹ́nu nígbà tí èémí bá há. Ẹ̀yìn ike náà ní ojú kan tí nọ́ńbà ń yọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà á fi ẹyọ kan lọ sílẹ̀. Orí nọ́ńbà yẹn ni ọmọ náà ti kọ́ kíkà, ẹ̀yìn ló sì ń kà á wá.

"Mo rí i, Ìyá mi."

"Bó bá di òdo ńkọ́?"

"Kò ní di òdo."

Ìyàwó gbọ́. Ó ní kí bàbá wá sí ilé ìdáná. Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì, ó ti wà níbẹ̀ láti oṣù márùn-ún, igun rẹ̀ ti ká. Orúkọ ìyàwó ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àyè ti bàbá ṣófo.

"Bàbá, ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

"Ọwọ́ yìí ni mo fi gbà á lọ́wọ́ agbẹ̀bí."

"Mo mọ̀."

"Wọn ò rí i. Ẹni tí wọn ò rí, wọn ò rí i náà ni. A kì í fi ẹnu ara ẹni sin ọmọ ẹni."

Ìyàwó fa àga, ó jókòó. Obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè ni. "Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú ó yá ju kí ó nù lọ."

"Ẹni tó pa òwe yẹn, bóyá ọmọ tirẹ̀ wà nílé tó ń jẹun lọ́wọ́."

"Ẹ rò pé ó wù mí ni? Ọjọ́ tí mo fọwọ́ sí i, ọṣẹ ni mo fi fọ ọwọ́ yẹn. Mo fọ̀ ọ́, mo tún fọ̀ ọ́." Ó wo ọ̀nà yàrá. "Ẹni tó nù kò béèrè oògùn lọ́wọ́ wa, Bàbá. Ẹni tó jókòó sí yàrá yẹn ló ń béèrè."

Bàbá wo fọ́ọ̀mù náà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Màá wá oògùn náà níta ná."

*

Ó wá a níta. Ilé oògùn méjì ló wà ní òdìkejì ọgbà bárékè. Àkọ́kọ́ ní òun kò tà á rí. Èkejì mú ọ̀kan jáde lábẹ́ káńtà, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Bàbá san ohun tó ní kó san, kò dúnàádúrà. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ọmọ náà lẹ́nu, òórùn bí ti epo ọkọ̀ ló jáde, ọmọ sì wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ìyàwó ju ike tuntun náà sínú garawa ìdọ̀tí, ó sì tẹ ti àtijọ́ sí ọmọ náà lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì kí ara rẹ̀ tó wálẹ̀.

Ó ku mẹ́rìndínlógún.

Kúkù ló bá a sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kejì. Kúkù ti se oúnjẹ fún ṣójà títí irun rẹ̀ fi funfun, ẹran ló ń wọ̀n nínú ṣọ́ọ̀bù báyìí. Àwọn méjèèjì jọ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ìta ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa ń jẹun ọ̀sán, lórí páálí mílíìkì.

"Ìwọ tí o dá ìyàwó ọ̀gágun padà torí àkókò káàdì rẹ̀ fi ọjọ́ kan kọjá," Kúkù ní, "ìwọ náà lẹ̀rọ ká mọ́."

"Dákẹ́, ìwọ tó fi iyọ̀ pa odidi bàtálíọ̀nù."

"Mo fi iyọ̀ pa wọ́n, wọ́n sì ń nawọ́ abọ́ padà. Ta ló nawọ́ padà sí ọ rí?"

Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Kúkù nu ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́ epírọ́ọ̀nù.

"Fọwọ́ sí i, ọ̀rẹ́ mi. Bó bá padà dé lọ́la, a ó jọ fi fọ́ọ̀mù yẹn rẹ́rìn-ín. Èmi ni màá fi dáná."

"Tí kò bá padà dé?"

"A jẹ́ pé òótọ́ lo kọ." Kúkù bu òkèlè kan. "Ilé ńkọ́? Bí wọ́n bá ti pè é ní opó, ṣé wọn ò ní lé wọn jáde?"

"Opó ṣójà kì í kúrò nílé títí àbíkẹ́yìn rẹ̀ á fi parí ilé-ìwé. Èmi fúnra mi ni mo bá wọn kun ilé opó ní ọ̀dà, ìlà kejì yẹn lódindi."

"Ìgbà yẹn nìyẹn. Bóyá kí o béèrè."

"Lọ́wọ́ ta? Akọ̀wé tó wà ní ọ́fíìsì yẹn, nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin yẹn, kò tíì hu eyín. Èmi ni yóò wá kọ́ ní òfin bárékè?"

Kúkù ní, "Ó tán, ọ̀gá mi." Wọ́n parí oúnjẹ wọn.

Ohun kan náà ni bàbá sọ fún ìyàwó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, láìjẹ́ pé ó béèrè. Ó ní bí òun bá tilẹ̀ fọwọ́ sí i, kó má fòyà, ilé ń bẹ. Ọkàn ìyàwó balẹ̀. Ta ni yóò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Bàbá tó mọ òfin ni.

*

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, aládùúgbò kan sáré dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò tò sórí ìlà. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yẹn!" Bàbá dìde lórí àga. Ó fi ẹ̀rọ, ìlà àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ètè rẹ̀ ti ń dú. Kò sunkún, kò sí èémí tí yóò fi sunkún. Ìyàwó di ike náà mú sí i lẹ́nu, ó ń sọ pé, "Fà á, fà á sínú, tún fà á." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Bàbá kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún. Ó di ọmọ náà lẹ́yìn mú. Ó ń gbọ́ èémí náà bí ẹni ń fa aṣọ ya ní díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó rọlẹ̀. Ètè padà bọ̀ sípò. Ọmọ náà gbórí lé e láyà, ó sì gba ike lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà.

"Bàbá àgbà, ó ku méjì."

Bàbá wo ìyàwó. Ó ní, "Bírò dà?"

"Iwájú akọ̀wé ni wọ́n ní kẹ́ ẹ ti fọwọ́ sí i."

"Ó dọ̀la."

*

Ọ́fíìsì àbójútó ìdílé ní tábìlì kan, àga mẹ́rin, àti fáànù tí kò yí. Akọ̀wé ibẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin tó ní ìwà. Ó ka ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù náà sí wọn létí, torí òfin ní kó kà á: "Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí gbà pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yìí ti kú."

"Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbí, Bàbá."

Ó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Òun ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn.

"Kí ni ẹ jẹ́ sí i?"

"Bàbá."

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

Ó kọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i. Ó dé bírò padà, ó gbé e kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, gbọọrọ. Akọ̀wé ní kí Ọlọ́run tù wọ́n nínú. Bàbá ní àmín. Ó ní, "Ìgbà wo ni káàdì yóò jáde?"

"Nítorí àìsàn ọmọ, màá jẹ́ kó jáde lónìí."

Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú káàdì aláwọ̀ eérú kan. Bàbá gbà á. Ó tì í sínú ẹ̀rọ. Apá kan nínú rẹ̀ ń retí iná pupa, kí ẹ̀rọ náà ké, kí ó sọ fún gbogbo ayé pé irọ́ ni.

Iná tútù tàn.

Ìyàwó dúró, ó ń retí "Wọlé, ìyàwó" tí bàbá máa ń sọ. Bàbá kò sọ ọ́. Ìyàwó wọlé, ó ra ike méjì, iye tí wọ́n ń tà fún ènìyàn kan lóṣù nìyẹn. Nígbà tó ń jáde, ó kúnlẹ̀ kí i níwájú gbogbo ènìyàn. Bàbá ní, "Dìde. Ìlà ń dúró."

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ara ọmọ náà fi le. Ó sáré nínú ọgbà, ó já okùn aṣọ. Lẹ́yìn náà ni ìwé dé.

Ìyàwó kò ka ìwé náà sí bàbá létí. Ó nà án sí i, ó jẹ́ kó kà á fúnra rẹ̀. Wọ́n ní opó olóògbé ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti kó kúrò nínú ilé ìjọba, láti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ikú. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ti lọ nínú rẹ̀.

"Ẹ ní ilé ń bẹ, Bàbá."

Bàbá dé fìlà rẹ̀, ó lọ bá akọ̀wé.

"Òfin ti yí padà," ọmọbìnrin náà ní. "Ó ti tó ọdún mẹ́jọ."

"Ta ni wọ́n sọ fún?"

"Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìta níbí."

Bàbá kì í wá sí ọ́fíìsì yẹn. Kí ni ì bá wá ṣe níbẹ̀? "Bí mi ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?"

Akọ̀wé náà rọra dáhùn. "Ìdílé ẹni tí a ṣì ń wá kì í kúrò nílé. Káàdì nìkan ló ń bọ́ lọ́wọ́ wọn."

"Fún mi ní fọ́ọ̀mù yẹn padà."

"Ó ti lọ sí orílé-iṣẹ́, Bàbá."

"Kí ni wọ́n á fi dá a padà?"

Ọmọbìnrin náà ṣí ìwé òfin, ó wá a, ó fi ìka tẹ̀lé ìlà náà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wọ́n ní kí ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ wá fúnra rẹ̀."

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rìn padà sẹ́nu iṣẹ́.

*

Nígbà tí ọjọ́ pé, ìyàwó àti ọmọ kó wá sí yàrá bàbá. Yàrá kan ni, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fún un nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ yìnyín ẹran dúró wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Èéfín rẹ̀ kì í sinmi. Bàbá fi aṣọ dí fèrèsé, ó fi bébà dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó bẹ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sún ẹnu páìpù èéfín sẹ́yìn. Èéfín náà mọ ọ̀nà. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ike kan tán.

Ìyàwó ní òun ń lọ bá ìyá òun. Ìrìn ọjọ́ méjì ni. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Kò sí bárékè nítòsí ibẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀bù ṣójà, ilé oògùn kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, oògùn ibà ló ń tà.

"Káàdì yẹn ńkọ́?" Bàbá béèrè.

"Màá mú un dání." Ó fi káàdì náà sápò. "Wọ́n á fi mọ ẹni tí mo jẹ́."

Ìyàwó kò bá a jà. Ì bá sàn kó bá a jà. Ó di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì méjì, ó wẹ ọmọ, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Bàbá gbàdúrà fún un. Àdúrà náà kò gùn.

Ní gáréèjì, Kúkù gbé páálí mílíìkì kan wá, ó fi okùn dì í. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà gbé ẹrù lé e o, bí ọmọ tuntun ni kẹ́ ẹ gbé e." Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, òun náà kò sì retí rẹ̀.

Ọmọ náà yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀. "Bàbá àgbà, ṣé ẹ̀rọ wà níbi tí à ń lọ?"

"Kò sí."

"Ta ni yóò wá ṣí ilẹ̀kùn fún wa?"

"Kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀, Ìyá mi. Ẹ kàn máa wọlé ni."

Ọkọ̀ lọ. Kúkù di bàbá lápá mú títí wọ́n fi dé ọ̀nà bárékè, bí ẹni pé orúnkún rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ní ọjọ́ kẹta, olùtọ́jú ilé bárékè pe bàbá pé kó wá jẹ́rìí, kí wọ́n lè ti ilé tí ìyàwó ti kó kúrò. Olùtọ́jú náà mú ìwé kan dání, ó ń rìn láti yàrá dé yàrá, ó ń ka ohun tó bá rí sókè, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́ta. Fèrèsé mẹ́rin, ọ̀kan ti sán. Gílóòbù méjì. Ẹ̀rọ omi kan. Ní yàrá iwájú, ìṣó méjì tí wọ́n fi gbé àwòrán ọmọ bàbá kọ́ ló kù lára ògiri.